Ṣé lóòótọ́ ni pé inú ìfun ni àrùn Parkinson ti ń bẹ̀rẹ̀?

Àrẹ̀mọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní ọdún tó kọjá ni dókítà sọ fún bàbá mi pé àrùn Parkinson ló ń mú kí ọwọ́ ọ̀tún wọn máa gbọ̀n. Wọ́n ti ń lo oògùn, a sì ń dúpẹ́. Àmọ́ ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ ẹbí wa lórí WhatsApp pé irọ́ ni gbogbo ohun tí dókítà ń sọ nípa ọpọlọ, pé inú ìfun ni àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tó bá ti fọ ìfun rẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ á dákẹ́. Ẹ ò ní ṣàì mọ ohun tó tẹ̀ lé e: ó ní oògùn ìfọ̀fun tó ń tà.

Ǹ bá ti pa ohùn náà rẹ́ kí n gbọ́ tèmi. Ohun tó dá mi dúró ni pé ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ bàbá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni wọ́n ti ń ráhùn pé ìgbẹ́ kì í yá wọn. Ṣé ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ra ni? Kí ló jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìfun yìí, kí ló sì jẹ́ àbùmọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èdè ńlá dá mi lágara.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àrẹ̀mọ, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ yẹn kì í ṣe àròsọ rárá. Nígbà tí James Parkinson, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà, kọ ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ ní 1817, èèyàn 6 péré ló sọ ìtàn wọn. Síbẹ̀, ó kọ ọ́ pé ìfun àwọn aláìsàn náà ń ṣe ọ̀lẹ, pé àfi kí wọ́n lo oògùn tó lágbára kí wọ́n tó lè yàgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú kó lọ sára ọwọ́ tó ń gbọ̀n, tí ẹnikẹ́ni ò rántí ikùn mọ́.

Ní Honolulu, níbi tí wọ́n ti ń tọ́pa ìlera àwọn ọkùnrin kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n bi wọ́n léèrè iye ìgbà tí wọ́n ń yàgbẹ́ lójúmọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Ewu Parkinson lára àwọn tí kì í yàgbẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó ìlọ́po 2.7 ti àwọn tó ń yà á lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọwọ́ lérí: nínú ọkùnrin 6,790 yẹn, àwọn 96 péré ni àrùn náà mú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí ìgbẹ́ ń le fún ni kò ní rí Parkinson títí ayé.

Ìgbẹ́ nìkan kọ́ ló máa ń ṣáájú. Àwọn kan kì í gbọ́ òórùn mọ́ dáadáa. Àwọn mìíràn máa ń jà lójú oorun, wọ́n á máa ju ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á máa tàpá, bí ẹni pé ara wọn ń ṣe ohun tí wọ́n ń rí lójú àlá. Ẹ bi Màmá léèrè.

Àrẹ̀mọ

Háà! Màmá mi ti kó lọ sí yàrá kejì tipẹ́ nítorí ìpá yẹn. Ẹ̀rín la máa ń fi rín.

Onílàábù

Ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u díẹ̀, nítorí ẹni tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ gbé òótọ́ kékeré kan, ó sì gun un lọ jìnnà.

Nínú ọpọlọ ẹni tó ní Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, èròjà tó ń jẹ́ kí ara lọ bí a ṣe fẹ́ kó lọ, ń kú díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn tó ṣẹ́ kù, ẹni tó bá fi awò wò ó á rí àwọn ohun kan tó ṣù jọ. Friedrich Lewy ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn ní 1912, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ Lewy body. Ó di 1997 kí wọ́n tó mọ̀ pé purotéènì kan tó ń jẹ́ alpha-synuclein ló kún inú wọn. Gbogbo wa la ní purotéènì yìí, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìgbà tó bá ká sódì ni wàhálà dé, torí pé èyí tó ti ká sódì máa ń sọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dà bíi tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹn náà á tún ran èkejì.

Ní 2003, Heiko Braak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú wò, wọ́n wá sọ pé ohun tó ń ṣù jọ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí dopamine wà. Ibi méjì ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn: ibi tí ọpọlọ ti ń gba òórùn, àti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí iṣan ìmọ̀lára kan tó ń jẹ́ vagus ti ń ṣẹ̀ wá. Vagus yìí gba ọrùn kọjá, ó gba àyà, ó wá pín sí ikùn àti ìfun. Bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún okùn inú rẹ̀ ni kì í gbé àṣẹ sọ̀ kalẹ̀ rárá: ìròyìn láti inú ikùn ni wọ́n ń gbé lọ bá ọpọlọ. Ìfun fúnra rẹ̀ sì ní sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára tirẹ̀ nínú ògiri rẹ̀, ju mílíọ̀nù 100 lọ, ó lè ṣiṣẹ́ láìdúró de ọpọlọ. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìfun yẹn náà ni wọ́n ti rí alpha-synuclein tó ká sódì. Braak wá dábàá pé ó ṣeé ṣe kí ohun kan láti ìta gba imú tàbí ikùn wọlé, kó dá nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, kí ìbàjẹ́ náà sì máa gun vagus lọ sókè.

Àbá ni o. Ṣùgbọ́n wọ́n dán an wò. Ní 2019, àwọn kan ní Yunifásítì Johns Hopkins gún alpha-synuclein tó ti ká sódì sínú ẹran ara ikùn àti ìfun eku. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ti dé ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì dopamine ń kú, eku náà ò lè rìn bó ṣe yẹ mọ́. Àwọn eku tí wọ́n ti gé vagus wọn ńkọ́? Kò dé ọpọlọ wọn.

Èèyàn náà wà tí wọ́n ti gé vagus wọn rí. Nígbà kan, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọgbẹ́ inú nìyẹn, kí ikùn lè dín omi kíkan tó ń tú jáde kù. Ní 2015, àwọn ará Denmark wo àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé láàárín àwọn tí wọ́n gé gbogbo ìdí vagus wọn, tí ó sì ti lé ní ogún ọdún, Parkinson kéré sí ti àwọn ará ìlú yòókù. Àwọn tí wọ́n kàn gé ẹ̀ka kékeré tó lọ sí ikùn nìkan kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ẹ Fẹ̀rí Hàn

Onílàábù, mo kí yín, ẹ ṣàlàyé dáadáa. Àmọ́ ẹ ti ń jẹ́ kó dùn jù.

Èkíní, eku tí wọ́n gún purotéènì sí nínú kì í ṣe èèyàn tí àrùn dédé mú. Ohun tí ìwádìí yẹn fi hàn ni pé ọ̀nà wà láti ìfun dé ọpọlọ. Kò fi hàn pé ọ̀nà yẹn ni àrùn bàbá Àrẹ̀mọ gbà. Èkejì, ti Denmark yẹn: àwọn tí Parkinson mú láàárín àwọn tí wọ́n gé vagus wọn kéré níye débi pé oríire lásán lè bí irú èsì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Sweden ṣe tiwọn ní 2017, kò sí ìyàtọ̀ tí èèyàn bá kó gbogbo àwọn tí wọ́n gé vagus wọn pọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n yọ àwọn tí wọ́n gé gbogbo ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ ni nǹkan díẹ̀ yọjú. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe gbogbo ọpọlọ ló tẹ̀ lé ètò Braak. Àwọn kan wà tí ìdí ọpọlọ wọn mọ́, tí òkè sì ti bàjẹ́.

Ibo ni ẹ fẹ́ fi àwọn yẹn sí?

Onílàábù

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn tó sì tẹ́ mi lọ́rùn jù, láti Denmark náà ló ti wá. Ní 2020, Per Borghammer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus ya àwòrán ọpọlọ, ọkàn àti ìfun àwọn aláìsàn, wọ́n wá pín wọn sọ́nà méjì. Lára àwọn kan, ara ló kọ́kọ́ bàjẹ́: iṣan ìmọ̀lára ìfun àti ti ọkàn ti kọṣẹ́ kí dopamine tó dín kù nínú ọpọlọ. Àwọn tó ń jà lójú oorun kí ọwọ́ wọn tó gbọ̀n ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lára àwọn kejì, ọpọlọ ló kọ́kọ́ bàjẹ́, ìfun àti ọkàn wá tẹ̀ lé e nígbà tó yá.

Nítorí náà, "ṣé inú ìfun ló ti bẹ̀rẹ̀?" kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn. Pẹ̀lú ohun tí Àrẹ̀mọ sọ nípa oorun Bàbá àti ìgbẹ́ wọn, tí mo bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́, mo máa ta á síbi ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ títa ò jọ àyẹ̀wò.

Ẹ Fẹ̀rí Hàn

Èyí ni mo lè gbà.

Ìyá Ìbejì

Mo ti ń ka gbogbo yín bọ̀ láti òkè, ẹ ṣeun. Tèmi kì í ṣe Parkinson. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ní Alzheimer, wọn ò dá àwa ọmọ mọ̀ mọ́ dáadáa. Ṣé ọ̀rọ̀ ìfun kàn wọ́n náà? Mo ń rí i níbi gbogbo pé kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ló ń fa ìgbàgbé.

Onílàábù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ní ti Alzheimer, ẹ̀rí ṣì fẹ́lẹ́ ju ti Parkinson lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí gba owó lọ́wọ́ yín.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Purotéènì tó ń ṣù jọ nínú Alzheimer yàtọ̀: èyí tó ń jẹ́ amyloid láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń jẹ́ tau nínú wọn. Wọ́n tọ́ àwọn eku tí a ti yí àbùdá wọn padà kí amyloid lè pọ̀ lórí wọn síbi tí kò sí kòkòrò kankan, tí ìfun wọn ṣófo pátápátá, amyloid inú ọpọlọ wọn sì kéré. Ní 2023, àwọn ará Yunifásítì Washington ní St. Louis ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú eku tí tau ń bà lọ́pọlọ jẹ́, tó sì tún ní àbùdá APOE4 tó ń dá kún ewu Alzheimer lára èèyàn. Ọpọlọ àwọn tí kò ní kòkòrò nínú kò fi bẹ́ẹ̀ sún kì. Lọ́dún kan náà, àwọn mìíràn ní yunifásítì yẹn rí i pé kòkòrò inú ìfun àwọn tí amyloid ti wà lọ́pọlọ wọn ṣùgbọ́n tí iyè wọn ṣì pé, yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìbéèrè tó le wà: èwo ló fa èwo? Ẹni tó ń gbàgbé máa ń gbàgbé láti jẹun, ó máa ń kọ oúnjẹ kan, ó ń lo oògùn lóríṣiríṣi, kì í rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan nínú ìwọ̀nyí tó láti yí kòkòrò inú ìfun padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Parkinson: nígbà tí Filip Scheperjans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Helsinki rí i ní 2015 pé àwọn kòkòrò tó ń jẹ́ Prevotella ṣọ̀wọ́n nínú ìfun àwọn aláìsàn, ìbéèrè tí gbogbo ayé bi ni pé ṣé àrùn ló fà á ni, àbí ìgbẹ́ líle, àbí oògùn.

Alágbo Ìlera

Gbogbo gírámà yìí, ẹ ò tíì sọ ohun tí aláìsàn máa ṣe. Tí ẹ bá ti gbà pé ìfun wà níbẹ̀, kí ló burú nínú kí èèyàn fọ̀ ọ́? Mo mọ àwọn tó fọ̀ ọ́ tí ara wọn sì yá gágá. Májèlé ló ń pọ̀ nínú ìfun, ẹ kó o jáde.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Alágbo, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ ní tààrà. Alpha-synuclein tí wọ́n ń sọ yìí kò lẹ̀ mọ́ ojú ìfun bí ẹrẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ kòtò tí omi ń gbà. Inú sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ló wà, sẹ́ẹ̀lì náà sì wà nínú ògiri ìfun. Kò sí oògùn ìfọ̀fun tó ń dé ibẹ̀. Ohun tó ń tú jáde ni oúnjẹ, omi àti iyọ̀ ara. Àwọn kòkòrò inú ìfun náà tí ẹ bá fọ̀ dànù, àwọn tó kù á tún bí sí i, àwọn kan náà ni ẹ máa bá níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ní Parkinson pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń já wálẹ̀ lójijì tí wọ́n bá dìde dúró. Ẹ wá fi ìgbẹ́ gbuuru gba omi lára wọn, ó ku kí wọ́n dìde nílé ìwẹ̀ kí wọ́n ṣubú. Mo ti gba irú wọn rí lóru ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: eegun ìbàdí tó ṣẹ́, tí ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ìfọ̀fun. Bákan náà, tí gbogbo nǹkan bá ń sáré jáde, oògùn tí wọ́n gbé mì náà lè sáré bá a lọ.

"Ara wọn yá gágá." Ẹni tí kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan tó wá yà á, kí ni ara rẹ̀ kò ní í yá sí?

Alágbo Ìlera

Ẹ̀yin onísìpítù, ẹ ò ní yí padà.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ jẹ́ kí èmi tí nǹkan ń ṣe sọ tèmi. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń bá Parkinson rìn. Mo ń lo levodopa, oògùn tó ń di dopamine tó bá dé inú ọpọlọ. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé tí mo bá lo oògùn ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹran tàbí ẹ̀wà ni mo jẹ, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé mi ò lo nǹkan kan. Ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá sì jẹ́ àárọ̀ kùtù tí nǹkan kan ò tíì kan ikùn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ara ti tú. Ẹnì kan sọ fún mi pé inú ọkàn mi ni. Ṣé ìfun wà nínú èyí náà?

Apòògùn

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe inú ọkàn yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìfun ti wúlò jù fún aláìsàn lónìí gan-an lẹ tẹ̀ yẹn, ó sì ń dùn mí pé òun la kì í sọ.

Ìfun kékeré ni levodopa ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé náà ni purotéènì inú ẹran, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà ń gbà tó bá ti dà, wọ́n sì tún ń bá a du ọ̀nà nígbà tó bá fẹ́ wọ ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ pé kí èèyàn lò ó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, tàbí kí ó jẹ́ wákàtí kan ó kéré tán lẹ́yìn rẹ̀. Èébì máa ń gbé àwọn kan lórí ikùn òfìfo, wọ́n lè fi bisikíìtì díẹ̀ tì í. Ẹ má gé purotéènì kúrò nínú oúnjẹ yín o, ẹ ó gbẹ. Àwọn kan máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí oúnjẹ alẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ kí ẹ tó dán an wò. Tí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, ẹ jẹ́ kí òun náà jìnnà sí levodopa, nítorí ńṣe ni wọ́n máa ń so mọ́ra tí kì í jẹ́ kó wọlé.

Ikùn tó ń lọ́ra wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Parkinson máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, oògùn náà á sì jókòó síbẹ̀ láìdé ìfun tó yẹ kó ti wọ ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù wá ni ti kòkòrò. Ní 2019, ìwádìí méjì jáde, ọ̀kan láti Groningen ní Netherlands, ọ̀kan láti Harvard. Wọ́n rí i pé kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun, Enterococcus faecalis, máa ń sọ levodopa di dopamine kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Levodopa tó bá ti di dopamine nínú ìfun kò lè wọ ọpọlọ mọ́, ó ti ṣòfò. Àwọn ti Harvard tún rí kòkòrò kejì, Eggerthella lenta, tó ń gba dopamine yẹn tó sì ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹ ó rí carbidopa tí wọ́n máa ń pò mọ́ levodopa nínú hóró kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ara èèyàn ṣe irú nǹkan yẹn. Ó ń dá ti ara dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti kòkòrò kò gbọ́ tirẹ̀.

Ìyẹn lè wà lára ìdí tí hóró kan náà fi ń tó ẹnì kan tí kì í tó ẹlòmíràn. Kò tíì sí oògùn kankan tí a ń tà fún un.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ ṣeun gan-an, ọmọ mi. Èébì máa ń gbé mi ní tòótọ́. Wọ́n fún mi ní metoclopramide fún un nígbà kan.

Apòògùn

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún dókítà yín kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Metoclopramide máa ń dí ojú ibi tí dopamine ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọpọlọ pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ kí Parkinson burú sí i. Ẹ má sì dá levodopa dúró lójijì fúnra yín nítorí èébì.

Àrẹ̀mọ

Àwọn ọ̀rọ̀ yìí tó fi ṣe ìwé. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan tó ń tì mí lójú díẹ̀. Mo kà níbì kan pé wọ́n ń kó ìgbẹ́ ẹni tó lera sínú ẹni tó ní Parkinson. Ṣé àwàdà ni?

Ẹ Fẹ̀rí Hàn

Kì í ṣe àwàdà. Èrò tó wà níbẹ̀ ni pé kí kòkòrò inú ìfun ẹni tó lera lọ gba ilẹ̀ nínú ìfun aláìsàn. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n dán an wò ni ìwádìí kan tí Sarkis Mazmanian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní yunifásítì Caltech ní Amẹ́ríkà ní 2016. Wọ́n lo eku tí alpha-synuclein pọ̀ lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tí kò ní kòkòrò kankan nínú rìn dáadáa ju àwọn tó ní in. Nígbà tí wọ́n wá fi ìgbẹ́ àwọn aláìsàn Parkinson sínú wọn, ìrìn wọn bàjẹ́ ju ti àwọn tí wọ́n fi ìgbẹ́ ẹni tó lera sí lọ.

Ti èèyàn ńkọ́? Ìwádìí méjì tó gbayì jáde ní 2024. Ní Ghent ní Belgium, aláìsàn 46 ni wọ́n pín. Wọ́n gba imú kó ìgbẹ́ ẹni tó lera sínú ìfun àwọn kan, wọ́n dá ìgbẹ́ ti àwọn tó kù padà sínú wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe ń rìn sàn ní máàkì 5.8 lára àwọn tó gba ti ẹlòmíràn, 2.7 lára àwọn tó gba tiwọn. Ní Finland, wọ́n gba ìdí kó o wọlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn tó gba gidi àti àwọn tó gba asán, inú sì ń yọ àwọn tó gba gidi lẹ́nu jù.

Ẹ kíyè sí i pé nínú ti Ghent, àwọn tó gba ìgbẹ́ ara wọn náà sàn díẹ̀. Bí ìrètí ṣe lágbára tó nínú àrùn yìí nìyẹn: ìrètí pàápàá máa ń tú dopamine jáde. Ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi ń gba ẹ̀rí "mo mọ ẹnì kan tó lò ó" wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì dán an wò nílé. Ní 2019, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé ẹnì kan kú lẹ́yìn tí ìgbẹ́ tí wọ́n kó sínú rẹ̀ gbé kòkòrò tí oògùn ò ràn wá. Ti Parkinson kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò ò mọ ìyẹn.

Ìyá Ìbejì

Àwọn oníhóró kòkòrò tí wọ́n ń tà ńkọ́, probiotic? Wọ́n ní kí n rà á fún Ìyá.

Apòògùn

Ti ìgbàgbé, mi ò rí ẹ̀rí tí màá fi ní kí ẹ ná owó sí i. Ti ìgbẹ́ líle nínú Parkinson, ẹ̀rí díẹ̀ wà. Ìwádìí kan ní Malaysia tó jáde ní 2021 fún aláìsàn 72 ní probiotic tàbí asán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìgbẹ́ àwọn tó lo gidi fi bí ẹ̀ẹ̀kan pọ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀, ti àwọn yòókù kò tó bẹ́ẹ̀. Ó ran ìgbẹ́ lọ́wọ́, kò sọ pé ó ran ọwọ́ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ rọrùn ju ìyẹn lọ: omi tó pọ̀, oúnjẹ tó ní fíbà bí ọ̀fun bá ṣì ń gbé e mì dáadáa, ìrìn lójoojúmọ́, kí wọ́n sì jókòó sílé ìgbẹ́ ní àkókò kan náà lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Tí ìyẹn ò bá tó, macrogol wà, omi ló ń fà sínú ìgbẹ́ kó lè rọ̀. Fíbà láìsí omi máa ń sọ ìgbẹ́ di òkúta o.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Kí n fi kún un: ẹ wo àwọn oògùn yòókù tí aláìsàn ń lò. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń fún àgbàlagbà fún ìtọ̀ tó ń yára jáde, fún oorun, fún ìrora, máa ń mú ìfun sùn. Àwọn kan nínú wọn sì máa ń da iyè rú. Ìyá Ìbejì, ẹ kó gbogbo oògùn Ìyá sínú àpò kan, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà tàbí apòògùn kó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn lè ṣe wọ́n lóore ju hóró kòkòrò kankan lọ.

Àrẹ̀mọ

Ẹ ṣé o. Mo ti dá ẹni WhatsApp yẹn lóhùn nínú ẹgbẹ́ ẹbí, ó ti kúrò níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìgbẹ́ tèmi náà máa ń le láti ìgbà tí mo ti wà níléèwé. Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ìfun mi wò bóyá alpha-synuclein yẹn wà níbẹ̀?

Onílàábù

Rárá. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, èsì rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Wọ́n máa ń rí purotéènì náà nínú ìfun àwọn tí kò ní àrùn kankan, wọ́n sì máa ń wá a tì nínú ìfun àwọn tó ní in. Kò sí dókítà tó máa fi ìyẹn sọ ẹni tí Parkinson máa mú.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ìgbẹ́ tó ti ń le láti ilé ìwé, ẹ fi omi àti fíbà tọ́jú rẹ̀. Èyí tó yẹ kó gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà ni tí bí ẹ ṣe ń yàgbẹ́ bá dédé yí padà, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ bá ń rù láìmọ ìdí. Ìfun fúnra rẹ̀ la ó máa wá àìsàn sí nígbà náà, kì í ṣe ọpọlọ. Ti Bàbá, ẹ wá ìwé kan, ẹ máa kọ aago tí wọ́n lo oògùn, aago tí wọ́n jẹun, ọjọ́ tí wọ́n yàgbẹ́, àti àkókò tí ara wọn le. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Ẹ gbé e lọ fún dókítà nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ rí i.